Àbúrò mi kì í jáde nílé mọ́: irú ìtọ́jú wo ló wà fún ìrẹ̀wẹ̀sì ní Akúrẹ́ àti Òǹdó?

Àbíkẹ́_Ìjọ̀kà | Àìkú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ńlá ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Àbúrò mi ọkùnrin parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní FUTA lọ́dún tó kọjá. Láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó ti yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Kì í jáde. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e. Ọmọ tó jẹ́ pé bí Arsenal bá ń gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n á máa gbá a lọ lójú tẹlifíṣọ̀n, òun á kọjú sí ògiri. Bó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́ta òru, oorun á dá lójú rẹ̀, kò sì ní sùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ti rù. Ó ní orí òun ń gbóná, pé nǹkan kan ń rìn nínú rẹ̀. A ti tọ́jú ibà, a ti tọ́jú táífọ́ọ̀dù, kò sí ìyàtọ̀.

Mọ̀mí fẹ́ ká gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, kó lọ máa gbé ibẹ̀. Bọ̀dá wa àgbà ní ìwà ọ̀lẹ ni, pé bó bá ríṣẹ́, ara rẹ̀ á yá. Èmi ní ká lọ sí ọsibítù, ni Mọ̀mí bá bú sẹ́kún, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ àwọn ní wèrè ni.

Irú ìtọ́jú wo ló wà fún èyí? Ibo la lè gbé e lọ nítòsí? Bó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn, ṣé títí ayé ni? Ǹjẹ́ ó máa ń lọ pátápátá?

---

Nọ́ọ̀sì_Aláàánú | Àìkú, 9:40 alẹ́

Àbíkẹ́, ẹ kú wàhálà o, Ọlọ́run á bá wa wo àbúrò yín sàn. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀dọ̀ àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi.

Kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn níbí, ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe lálẹ́ yìí. Ẹ wọlé tọ̀ ọ́, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í láì fepo bọyọ̀ bóyá èrò àtipa ara rẹ̀ ti ń wá sí i lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá bèèrè, àwọn ló máa fi èrò náà sí i lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí èrò yẹn ń dà láàmú, ara máa ń tù ú pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ láìpariwo. Bó bá ní ó ti ń wá, ẹ má bá a jà, ẹ má wàásù fún un, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn kòkòrò, oògùn koríko àti gbogbo oògùn tó wà nílé kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lóru náà. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Bó bá ní rárá, ẹ ṣì gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ti ibi tí ẹ máa lọ: ìjọba ìpínlẹ̀ ní ọsibítù tó wà fún àrùn ọpọlọ nílùú Akúrẹ́ níbẹ̀. UNIMEDTH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, ní ẹ̀ka ní Akúrẹ́, ó ní ní Òǹdó. FMC Ọ̀wọ̀, ọsibítù ìjọba àpapọ̀, náà ń tọ́jú àrùn ọpọlọ. Ẹ ò ní láti rin ìrìn àjò dé ọsibítù ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta kí ẹ tó rí ẹni wò ó. Bó bá jẹ́ orúkọ "ọsibítù ọpọlọ" ló ń ba Mọ̀mí lẹ́rù, ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà tí ẹ ti ń lọ bá tẹ́lẹ̀, òun ló máa kọ ìwé lé yín lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ló máa pọ̀. Dókítà á bi í nípa oorun, oúnjẹ, iṣẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Á bi í bóyá ó ń mu igbó tàbí tramadol, kò sì ní torí ẹ̀ bá a wí. Wọ́n lè ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kó rẹ èèyàn tara-tọkàn báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ni bí tairọ́ìdì tó wà lọ́rùn ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìbéèrè kan wà tí ẹ̀yin ará ilé gbọ́dọ̀ bá a dáhùn: ǹjẹ́ ìgbà kan wà rí tí ara rẹ̀ yá gágá ju bó ṣe yẹ lọ, tí kì í sùn tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ láìdánu dúró, tó ń náwó ní ìnákúnàá? Bó bá ti ṣẹlẹ̀ rí, oògùn tí wọ́n máa kọ fún un yàtọ̀, torí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan lè tún gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sókè sódì.

Ohun tó ń rìn lórí yẹn, àwọn àgbà mọ̀ ọ́n sí ọ̀dẹ̀ orí. Àwọn dókítà ọpọlọ nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n, wọ́n ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Kó sọ ọ́ bó ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́, kó má fi bò nítorí pé ó rò pé ti ilé nìyẹn.

---

Ọmọ_Ìdànrè | Àìkú, 10:22 alẹ́

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ bá mi kí àbúrò yín. Mo ti wà níbi tó wà yẹn.

Ẹ sọ fún Bọ̀dá pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀. Tísà ni mí. Owó oṣù ń wọlé, ìyàwó wà nílé, ìrẹ̀wẹ̀sì ṣì bá mi. Ọ̀lẹ máa ń gbádùn ìsinmi rẹ̀. Èmi ò gbádùn nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé mi láyà.

Amitriptyline ni wọ́n kọ fún mi, alẹ́ ni mò ń lò ó. Ẹnu mi ń gbẹ, ìgbẹ́ ń le, ṣùgbọ́n mo ń sùn. Oorun ló kọ́kọ́ padà, ọkàn tẹ̀lé e lẹ́yìn. Apá kejì ìtọ́jú náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé jù, torí àwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà á. Saikọ́lọ́jísìtì tí mò ń rí, ìyẹn onímọ̀ tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn, mú ìwé ìkọ̀wé kan, ó fa ìlà sí i: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Nínú àlàfo kọ̀ọ̀kan, ohun kékeré kan ni ká jọ kọ síbẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ ṣe é, bó wù mí, bí kò wù mí. Wẹ̀. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ ra búrẹ́dì. Jókòó síta fún ìgbà díẹ̀. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Lẹ́yìn tí mo bá ti ṣe é, kí n fi máàkì sí i, nínú 10, bó ṣe dùn mọ́ mi tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, 1 àti 2 ló kún inú ìwé náà. Mo ní kò ṣiṣẹ́. Ó ní nínú ìtọ́jú yìí, a kì í dúró kí nǹkan wù wá ká tó ṣe é. À ń ṣe é ná, wíwù rẹ̀ á bá wa lọ́nà. Nígbà tó yá, mo tẹ̀lé ìyàwó mi lọ sí Ọjà Ọba, mo délé, mo kọ 5 síwájú rẹ̀. Mo wo 5 yẹn títí.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá kan àwọn èrò inú mi. Bí mo bá ní "mi ò wúlò fún ẹnikẹ́ni," á ní kí n kọ ohun tó fi hàn pé òótọ́ ni sápá kan, kí n kọ ohun tó fi hàn pé irọ́ ni sápá kejì. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní CBT. Dókítà ti dá oògùn dúró fún mi, díẹ̀díẹ̀ ló dín in kù. Mo ti padà sí kíláàsì mi. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń lọ.

---

Bàbá_Kòkó | Ajé, 6:05 àárọ̀

Ẹ kú àpérò. Àbíkẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn. Èmi ò lòdì sí ọsibítù o. Àmọ́ mo mọ ọmọ kan lọ́dọ̀ wa tí wọ́n gbé lọ. Nígbà tó máa fi dé, ọrùn rẹ̀ ti le, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń rìn gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀. Àwọn bàbá wa ní asofẹ́yẹjẹ, igi tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ìbílẹ̀. Mo fojú mi rí ẹni tó ń fa aṣọ ya, wọ́n fún un ní asofẹ́yẹjẹ, ó sùn, ó jí, ó bá èèyàn sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí a ò lè fi ti ilé tọ́jú ọmọ ilé?

---

Kẹ́mísìtì_Arákàlẹ̀ | Ajé, 8:31 àárọ̀

Bàbá, ẹ káàárọ̀, sà. Òótọ́ ni ẹ sọ nípa asofẹ́yẹjẹ. Èròjà kan wà nínú gbòǹgbò rẹ̀ tó ń jẹ́ reserpine, àwọn ọsibítù ní ilẹ̀ òkèèrè pàápàá lo reserpine fún àwọn tí orí wọn dàrú ní àwọn ọdún 1950. Ṣùgbọ́n ó máa ń já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ gan-an, ó sì lè mú kí ọkàn tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tún rẹ̀ sí i. Ẹni tó ń fa aṣọ ya àti ẹni tó kọjú sí ògiri, àìsàn wọn ò rí bákan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí fẹnu kàn án, pàápàá bó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ọsibítù.

Ti ọmọ tí ọrùn rẹ̀ le, ó jọ pé oògùn bíi haloperidol ni wọ́n fún un, tí wọ́n ń lò fún àwọn tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Ó máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń tú u wà, Artane ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí, dókítà sì lè dín haloperidol náà kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tètè gbé e padà lọ ni, kí wọ́n má wò ó níran. Àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bíi fluoxetine, sertraline àti amitriptyline kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbíkẹ́, ẹ bèèrè bóyá títí ayé ni. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, rárá. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, mhGAP, ní kó máa lò ó fún oṣù 9 sí 12 lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá, kí wọ́n tó máa dín in kù. Ẹ kíyè sí i: lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Ohun tí mò ń rí lẹ́nu káńtà ni pé tí ojú èèyàn bá ti là díẹ̀ báyìí, kò ní wá ra oògùn mọ́, ibẹ̀ ni àìsàn ti ń rí àyè padà. Àwọn tó ti ṣe lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lè ní láti lò ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í di bárakú bíi Valium, àmọ́ ẹ má dá a dúró lójijì, orí á máa fò ó, oorun rẹ̀ á tún dàrú.

Ní ti owó, ẹ sọ fún dókítà bí agbára yín ṣe mọ kó tó kọ ìwé. Amitriptyline àti fluoxetine tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá lára kì í wọ́n jù, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú èyí tó ní orúkọ ńlá lára.

---

Ìyá_Ìbejì | Ajé, 1:17 ọ̀sán

Mo kà á láti òkè dé ilẹ̀, mi ò lè dákẹ́. Lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì mi, oorun kúrò lójú mi. Mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ tuntun jòjòló. Mo ní wọ́n ti pààrọ̀ wọn. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ dá a mọ̀ pé abísínwín ni. Wọn ò pariwo. Wọ́n rọra gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí ọkọ mi lọ wá mọ́tò.

Wọ́n gbà mí sí wọ́ọ̀dù, wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n sì fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì díẹ̀ tọ́jú ọpọlọ mi. Mo mọ̀ pé iná yẹn ń ba yín lẹ́rù. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi lábẹ́rẹ́ oorun, mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá. Nígbà tí mo jí, orí fọ́ mi díẹ̀, àwọn nǹkan kan sì pòórá lórí mi fúngbà díẹ̀. Àwọn ìbejì ti ń lọ sílé ìwé báyìí, èmi ni mò ń di irun wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní abiyamọ nílé, abísínwín kì í ṣe ohun tí à ń fi dọ̀la. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i náà ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹkún tó máa ń gbọ̀n abiyamọ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yàtọ̀, ìyẹn máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bó bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì nígbà tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

---

Olùṣọ́_Òǹdó | Ajé, 7:48 alẹ́

Àbíkẹ́, ẹ jẹ́ kí Mọ̀mí ka èyí, tàbí kí ẹ kà á sí wọn létí. Olùṣọ́àgùntàn ni mí.

Mọ̀mí, ẹ ò ní láti yan ọ̀kan nínú àdúrà àti dókítà. Ẹni tí wọ́n bá gbé wá sọ́dọ̀ mi, a máa ń gbàdúrà fún un, èmi fúnra mi á sì tẹ̀lé wọn lọ sí ọsibítù. Ohun tí ọkàn mi kọ̀ ni kí aláìsàn lọ máa gbé ilé àdúrà láìsí oògùn, kí wọ́n máa fi ebi pa á kí wọ́n pè é ní ààwẹ̀, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Ní 2019, Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé ìròyìn jáde lórí bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Nàìjíríà; ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀, ilé kéú wà nínú rẹ̀, ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ọsibítù ìjọba pẹ̀lú. Ó dùn mí dé egungun. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe ní 1916. Aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin yẹn. Kò sí ẹni tó láṣẹ láti so ọmọ yín mọ́lẹ̀.

Kí àwọn méjèèjì jọ rìn kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí ẹbí kan máa bá wọn gbé, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ó bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni yẹn ló padà di igbákejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Láìpẹ́ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní Nàìjíríà àti Gánà, ó jáde nínú Lancet, ìwé ìwádìí ìṣègùn, ní 2020. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì níbi tí àwọn aláìsàn tí orí wọn dàrú wà, wọ́n jọ ń tọ́jú wọn. Lẹ́yìn oṣù 6, ara àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí yá ju ti àwọn tó kù lọ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ìjọ wa ṣe. Ní Sìmbábúwè, dókítà kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà ní bí wọ́n ṣe lè gbọ́rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilé ìwòsàn, wọ́n á bá a tú ìṣòro rẹ̀ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ gan-an. Ìyá àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ gbọ́ pọ̀ ní Òǹdó. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

---

Bàbá_Kòkó | Ajé, 8:30 alẹ́

Mo gbọ́ àlàyé kẹ́mísìtì yẹn dáadáa, mo sì ti ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ tí ọrùn rẹ̀ le pé kó gbé e padà lọ. Ẹ ṣeun.

---

Àbíkẹ́_Ìjọ̀kà | Ẹtì, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Mo bi í lálẹ́ Àìkú yẹn. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun máa ń rò ó pé ká ní òun kàn sùn tí òun ò jí ni, àmọ́ òun ò tíì gbèrò ohun tí òun máa ṣe. Ó sunkún, èmi náà sunkún. A kó gbogbo oògùn kòkòrò kúrò nílé, mo sì sun inú yàrá rẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ Pásítọ̀ fún Mọ̀mí, wọ́n ní kí n tún un kà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ. Mọ̀mí ló di káàdì rẹ̀ mú lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn èèyàn tí a bá níbẹ̀ ló yà wọ́n lẹ́nu jù: ìyá oníṣòwò kan tó wọ léèsì, ọmọ ilé ìwé, ọlọ́pàá kan, kálukú ń dúró de orúkọ tirẹ̀. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló pé."

Fluoxetine ni wọ́n kọ fún un, ẹyọ kan láàárọ̀. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, wọ́n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ kún un. A máa padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Àmọ́ ó ti ń sọ pé kò ṣiṣẹ́, pé inú ń ru òun. Ó fẹ́ dá a dúró. Kí ni kí n sọ fún un?

---

Kẹ́mísìtì_Arákàlẹ̀ | Ẹtì, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn o. Inú ríru yẹn máa ń wọ́pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì sábà máa ń lọ. Kó jẹun kó tó lò ó. Oògùn yìí kì í ṣiṣẹ́ bíi ti orí fífọ́. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìyàtọ̀, nígbà míì ó lè tó 6 kó tó hàn dáadáa. Ẹ̀yin ará ilé ló máa ń kọ́kọ́ rí i: á jẹun díẹ̀ sí i, á dáhùn kí ẹ tó pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ ṣọ́ ọ dáadáa láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí. Lára àwọn ọ̀dọ́, oògùn yìí lè kọ́kọ́ mú kí ara wọn má balẹ̀ tàbí kí èrò ikú pọ̀ sí i. Bí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ padà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa tọ́jú oògùn náà, kí ẹ máa fún un ní ẹyọ kan ní àràárọ̀.

---

Ọmọ_Ìdànrè | Ẹtì, 7:02 alẹ́

Àǹtí, ẹ má sọ fún un pé "gbàgbé ẹ̀" tàbí "ṣé ìwọ nìkan ni." Ẹ sọ pé, "Mo fẹ́ lọ ra ẹ̀pà ní ìta, dìde ká jọ lọ." Bó bá kọ̀ lónìí, ẹ tún pè é lọ́la. Kí ẹ sì bi dókítà nípa saikọ́lọ́jísìtì nígbà tí ẹ bá padà lọ, kí ẹ má gba oògùn nìkan délé.

---

Ummu_Sàbó | Àbámẹ́ta, 11:26 àárọ̀

As-salāmu alaikum. Ẹ dákun, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní bipolar, àìsàn tí ara èèyàn fi ń yá sódì nígbà kan, tí ọkàn á tún rẹ̀ ẹ́ nígbà mìíràn; oògùn lithium ló ń lò, ó sì ti pẹ́ tí ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ó fẹ́ gba ààwẹ̀ Rọmọdọ́ọ̀nù yìí pé. Ṣé kó kàn máa lò ó nígbà sààrì ni?

---

Nọ́ọ̀sì_Aláàánú | Àbámẹ́ta, 12:15 ọ̀sán

Wa alaikumu salaam. Kó má dá ìpinnu yẹn ṣe o. Bí omi ara èèyàn bá dín kù, lithium máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè di májèlé. Ọwọ́ gbígbọ̀n tó le, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, kí ẹsẹ̀ máa ta gọ́ọ́-gọ̀ọ́: bí ẹ bá rí wọn, kó má lo oògùn náà mọ́ kí dókítà tó rí i, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Oògùn ara ríro bí ibuprofen náà máa ń gbé lithium sókè, kó má fi para pọ̀ mọ́ ọn.

Àwọn kan wà tí dókítà gbà láyè láti gba ààwẹ̀, tí wọ́n yí aago oògùn wọn sí alẹ́, tí wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láàárín oṣù. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ní kí wọ́n má gbà á, ẹ̀sìn sì fún aláìsàn láyè bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n lithium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni dókítà máa fi pinnu. Kó lọ rí i kí ààwẹ̀ tó wọlé, kó mú èsì àyẹ̀wò tó ṣe kẹ́yìn dání.